Ààrò Tó Wà Lórí Ìyá Mi

Ẹ wọlé, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí yìnyín yẹn yọ́ sórí rọ́ọ̀gì ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá abẹ́ ilé wa yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù dé ni, oorun sì ń kùn yín, ṣùgbọ́n Tèmi ló ní kí n pè yín. Tèmi yìí, ọmọ tí ọmọ mi bí, bí mo bá fi Yorùbá kí i, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Òun náà ló wá gbé fóònù sí mi lẹ́nu báyìí pé òun fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Kí n tó gbàgbé kẹ̀! Kí n tó kú ló fẹ́ sọ, ojú ló ń tì í. Kò burú. Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹ jókòó.

Obìnrin ará Ṣáínà kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ ti rí i rí, ìyá arúgbó kúkúrú tí a jọ máa ń jókòó ní gbọ̀ngàn àwọn àgbà ní Malton ní Kánádà níbí. Ìyá Líì ni mo ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì mi kò dán mọ́rán, tirẹ̀ náà kò sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n àgbà méjì kò ní jókòó ti ara wọn kí wọ́n má gbọ́ra wọn yé. Ó ní Hakka ni wọ́n ń pe àwọn, pé àlejò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ibikíbi tí àwọn baba àwọn bá dé, ilẹ̀ orí òkè tí onílẹ̀ kò fẹ́ ni wọ́n ń fún wọn dá oko sí, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò sì mọ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó wá sọ pé bí àwọn bá ń kó kúrò níbì kan, àwọn a hú egungun òkú àwọn, àwọn a nù ún mọ́, àwọn a kó o sínú ìkòkò, àwọn a gbé e dání. Mo ní háà! Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo ni tiyín wà?" Tíì ọwọ́ mi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń dùn mí. Ìyá Tèmi, ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Newmarket, máa ń bi mí pé, "Màámi, bí ọjọ́ bá dé, ibo ni kí a gbé yín sí?" Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún un: ẹ gbé mi lọ sílé, ẹ tẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ó rò pé ìlú wa lápá Ọ̀yọ́ ni mo ń wí, torí ibẹ̀ ni oórì tí orúkọ ìyá mi wà lára rẹ̀ wà. Kì í ṣe ibẹ̀. Inú igbó ni ìyá mi wà, nínú oko kòkó tí kì í ṣe tiwa, kò sì sẹ́ni tó kù láyé tó mọ ojú ibẹ̀ àyàfi èmi yìí.

Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jápa láyé. Kí wọ́n tó bí bàbá yín, bàbá tèmi ti jápa. Ilẹ̀ ìlú wa ti gbó, iṣu tó ń ta níbẹ̀ kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ẹnìkan wá dé, ó ní igbó ń bẹ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí oòrùn kì í kan ilẹ̀ rẹ̀, pé kòkó ń so níbẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Bàbá mi kó wa sẹ́yìn lọ́rì, èmi, ìyá mi, àti àbúrò mi tó wà lẹ́yìn ìyá mi. Níbi tí lọ́rì ti dúró, a fẹsẹ̀ rìn. Àwa àti àwọn ará ìlú wa díẹ̀ la tẹ abà náà dó.

Bàbá Onílẹ̀ la ń pe ẹni tó fún wa nílẹ̀, ọkùnrin pupa kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní fún bàbá mi pé, "Ẹ dá oko dé ibi tí agbára yín bá mọ. Ọ̀pẹ inú rẹ̀, tiwa ni. Lọ́dọọdún, kí iṣu àti obì máa bọ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbin pèrègún, torí pèrègún ni ààlà, ẹni tó nilẹ̀ ló ń pààlà. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ sin òkú." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Fẹ́mi, o ń rẹ́rìn-ín. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa, àbí lándílọ́ọ̀dù rẹ ní Bowmanville kò ní kí o má fi irú sebẹ̀ mọ́?

"Màmá, ó pe panápaná wá! Ó ní gáàsì ló ń jò."

Ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá gba ilé tàbí ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òfin ló máa kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ti òkú yẹn, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bó ti wúwo tó. Nílẹ̀ wa láyé ìgbà náà, inú ilé la ń sin àgbà sí. Ibi tí òkú baba ẹni bá wà, kò sẹ́ni tó lè lé ni kúrò níbẹ̀. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, ojú oórì la ń nàka sí. Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ kì í fi í gbà kí àlejò sin òkú. Ẹni tó bá kú lábà, ẹní la ó fi wé e, lọ́rì la ó gbé e sí, ó di ìlú wa. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àní òkú wa pàápàá kò ríbi sinmi lóko.

Igbó yẹn láriwo. Níbí, bàálù ni mò ń gbọ́ lókè àjà, àti hítà tó ń mí bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Lọ́hùn-ún, kí ilẹ̀ tó mọ́, àáké ti ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, igi arère á ké kó tó wó, gbogbo wa á sá. Ewé gbòdògì la fi bo òrùlé, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, ẹnì kan kì í gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Nígbà ìkórè a ó jókòó yí òkìtì kòkó ká, a ó máa fọ́ ọ, a ó máa lá omi dídùn ara rẹ̀ lọ́wọ́. A ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí yóò fi máa hó tí òórùn rẹ̀ á dà bí ti ọtí. Àbúrò mi jìn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó jáde, gbogbo ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́, oyin sì lé e yí abà po. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Mò ń pe ìyá mi ní "ó," ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó kú kò tó ti Ìyá Tèmi lónìí. Bó bá wọlé báyìí, ọmọ ni màá pè é. Àṣàbí ni wọ́n ń pè é. Ọṣẹ dúdú ló máa ń sè, èèpo kòkó ló ń sun di eérú, eérú náà ló ń sẹ́ di omi tó ń ta lára, epo ló ń dà sí i lórí iná, á máa fi omorogùn rò ó, òógùn á bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi. Bó bá fi ọwọ́ yẹn wẹ̀ ọ́, wàá pariwo, ara rẹ á sì fúyẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Mo ti wá irú ọṣẹ yẹn ní gbogbo Tọ̀róńtò. Èyí tí wọ́n ń tà fún mi ní òórùn òdòdó, kò sì ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ọdún tí òjò kò fẹ́ dá ni ibà mú un. Odò ti kún, ó ti gbé afárá onígi lọ, kò sí lọ́rì tó lè wọlé. Ewé tí a mọ̀ la sè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n bu omi wá fún òun, nígbà tí mo fi máa bu omi dé, kò sí ẹni tó máa mu ún mọ́.

Pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni bàbá mi lọ bá Bàbá Onílẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, torí kò sẹ́ni tó rántí pé kó dá mi dúró. Bàbá mi ní, "Bàbá, odò ti gbé afárá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ díẹ̀ fún mi. A ó dá a padà." Bàbá Onílẹ̀ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Olúwa á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń dá ilẹ̀ sàárè padà? Ọmọ yín yìí á wá sọ lọ́la pé ilẹ̀ ìyá òun ni. Ẹ dúró kí odò fà." Ó sì na ìka sí mi. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù tán ni wọ́n ń bẹ̀rù, ẹ̀yin èèyàn!

Ọ̀la ọjọ́ náà ni ọdún ọba wọn. Lọ́jọ́ ọdún yẹn, onílẹ̀ kankan kì í wá sóko, àlejò kankan kì í sì í jáde lábà. Ọdẹ wọn kan ṣoṣo ló máa ń rìn káàkiri láti wò ó bóyá a pa òfin mọ́. A máa ń gbọ́ ìbọn àti orin wọn láti ọ̀nà jíjìn, àwa ọmọdé á sì máa jó sí i nínú ilé. Ọdún yẹn kò sẹ́ni tó jó. Ní ọ̀sán gangan, bàbá mi mú ọkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ yàrá ìdáná wa. Kí ọdẹ má baà gbọ́ ìró ọkọ́, gbogbo obìnrin abà gbé odó síta, wọ́n ń gún un. Kò sí iṣu nínú odó. Odó òfìfo ni wọ́n ń gún, omijé ń dà lójú wọn, orí ọmọ odó ni wọ́n tẹjú mọ́. Bí ọdẹ bá kọjá, á ní, "Ẹ kú ọdún o!" wọ́n á ní, "Ọdún á yabo." Bàbá mi ní bí mo bá sunkún, wọ́n á lé gbogbo wa. Mo ki aṣọ bọ ẹnu. Báyìí la ṣe sin Àṣàbí.

Wọ́n tẹ ilẹ̀ náà, wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù àti eérú pa á títí ó fi dán bí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá kó òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ní igun tí wọ́n wà, wọ́n gbé wọn sórí rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa wá òkú lábẹ́ iná. A kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. A kò fi àmì kankan sí i. Èmi ni mo gba iṣẹ́ ìdáná láti ọjọ́ náà. Ẹ ronú sí i. Lójoojúmọ́, mò ń dáná lórí ìyá mi. Mo máa ń rọra fẹ́ iná náà, mo ń rò pé bó bá pọ̀ jù, á jó o.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ má tíì dìde. Bàbá Onílẹ̀ ṣì ń retí kí òkú kọjá lójú òun. Nígbà tí odò fà, tí wọ́n sì ń tún afárá ṣe, bàbá mi gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gùn tó ìyá mi, wọ́n pa òbúkọ wa kan mọ́ ọn, wọ́n jẹ́ kó rùn, wọ́n wá fi ẹní wé méjèèjì pọ̀. Lọ́rì gbé e kọjá níwájú ilé Bàbá Onílẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó fi ìka dí imú, ó ní, "Sùn-un re o, Ìyá." Ìlú wa ni wọ́n gbé e dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ló mọ̀. Gbogbo ẹbí bú sẹ́kún lórí ẹní yẹn. Ìyá àgbà kan dì mí mú, ó ní, "Sunkún, ọmọ mi, sunkún, ìyá rẹ ló lọ." Wọ́n ti wá gbà mí láyè báyìí, ẹkún náà kò sì wá. Wọ́n ní ọ̀dájú ọmọ ni mí. Orúkọ yẹn mọ́ mi lára títí mo fi relé ọkọ.

Kòkó wa so, ó gbó, Bàbá Onílẹ̀ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí àlejò máa lọ. Wọ́n kó ọ̀dọ́ tó mú àdá dání wá dúró tì wá nígbà tí a ń di ẹrù, bàbá mi kò sì rí àyè hú ìyá mi. Wọ́n kàn dúró lẹ́bàá ààrò bí ẹni tó ń yáná, títí àwọn ọ̀dọ́ náà fi tì wọ́n síta. Bàbá mi kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Àbúrò mi kéré nígbà yẹn, wọn kò sọ fún un rí. Èmi náà wá dàgbà, mo bímọ, ọmọ mi mú mi wá síbí, àṣírí náà sì bá mi wọ bàálù.

Lẹ́yìn tí Ìyá Líì bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo pe Kọ́lá n'Íbàdàn. Ọmọ àbúrò mi ni, àbúrò mi ti kú. Mo ní kó bá mi lọ wo ibi kan, kó mú fóònù dání. Ní Sátidé tó kọjá ló pè mí lórí fídíò. Mo wọ awò, mo gbé àga sún mọ́ fèrèsé. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí igbó. Ilẹ̀ pupa ni, ó tẹ́ rẹrẹ lọ, ipa ẹsẹ̀ katakata ló kún orí rẹ̀. Kọ́ńpìnnì kan ló ti ra gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Kọ́lá, wá odò kékeré kan. Bí o bá dúró níbẹ̀, kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, wàá rí àpáta pẹlẹbẹ tí a ń sá kòkó sí. Ẹ̀yìn àpáta nilé wa."

Ó rìn títí, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Màmá Kánádà, wọ́n ti dí odò. Wọ́n sì ti fọ́ àpáta, wọ́n fi ṣe òkúta ojú títì. Ṣé kò sí igi kankan níbẹ̀? Pèrègún? Ohunkóhun tí mo lè wò?"

Àwa la mọ̀ọ́mọ̀ má fi nǹkan kan síbẹ̀.

Ọmọ ọmọ Bàbá Onílẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ọmọkùnrin tó mọ̀wàhù. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Màmá, ẹ kú àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ibí yìí rí. Àwọn baba wa ló gbin kòkó tó wà níbẹ̀. Bí oórì bá wà ni, kọ́ńpìnnì ì bá yà á sọ́tọ̀, wọ́n ya méjì sọ́tọ̀ lápá ibòmíràn. Ẹ fi oórì hàn wá." Mo ní abẹ́ ààrò ni. Ó wo Kọ́lá bí ẹni pé, ṣé ara màmá yìí yá? Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọmọ dáadáa ni, inú sì bí mi sí i.

Kọ́lá ní, "Màmá, ṣé kí n bu yẹ̀pẹ̀ fún yín?" Mo ní, "Yẹ̀pẹ̀ ibo?" Ó ní, "Àbí ilé kọ́ ni wọ́n sin Ìyá Àgbà sí ni? Mo lè lọ bu tibẹ̀ wá." Ẹ̀rín gbé mi, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di nǹkan mìíràn, Tèmi sáré gbé omi wá. Ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ní òun máa gba ohùn mi sílẹ̀.

Ìyá Tèmi, mo rí ọ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó ti pẹ́ tí o ti dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ. Wá jókòó.

"Màámi, oórì tí a fi òkúta dídán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nílé ńkọ́? Tí a lọ kúnlẹ̀ sí, tí mo gbé Tèmi lọ kí wọ́n súre fún un?"

Òbúkọ ni.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tí bàbá mi ṣe. Wọ́n kàn ṣe é dáadáa jù ni. A bò ó mọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, ó sì bò mọ́ àwa náà lójú. Àwọn ará Ìyá Líì gbé tiwọn sínú ìkòkò, wọ́n rìn. Àwa rò pé tiwa á dúró dè wá.

Ìyá Tèmi, o máa ń bi mí ní ìbéèrè kan, gba èsì rẹ̀ lónìí. Ẹ má gbé mi lọ síbì kankan. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbúkọ? Ẹ ra ilẹ̀ níbí, ibi tí èèyàn ń kọjá, kì í ṣe kọ̀rọ̀. Ẹ sin mí lọ́sàn-án. Ẹ gbé òkúta sí i, ẹ jẹ́ kó tóbi. Orúkọ ìyá mi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, Àṣàbí, kí ẹ tó kọ tèmi sísàlẹ̀ rẹ̀, Tèmi ló máa kọ ọ́ kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sí i lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kà á tó béèrè pé, ìyá yìí dà, níbo gan-an ló wà, ẹ sọ fún un pé a fi í pamọ́ dáadáa.